Èéfín Tí Omi Gbé Mì

Ohun tí ojú ọmọ ènìyàn kò bá rí mọ́, ọkàn rẹ̀ a máa gbà pé ó ti tán. Bí obìnrin kan bá ń dáná igi ní ẹ̀yìnkùlé, tí èéfín rẹ̀ sì gòkè kọjá orí òrùlé, kò sí ẹni tí í béèrè ibi tí ó wọ̀ sí. Nínú ìdáná kékeré, àìbéèrè yìí kì í pa ẹnikẹ́ni lára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣẹ́ ńlá kan gbé irú èrò yìí wọ inú iṣẹ́ wọn, odindi àgbègbè sì jẹ ìyà rẹ̀. Àánú kò gba àwọn ará àgbègbè náà. Ẹjọ́ kò sì tó láti gbà wọ́n. Ìṣírò ni ó gbà wọ́n: ìṣírò bí gáàsì ti ń wọ inú omi, iye tí omi lè gbà mọ́ra, àti bí ó ti ń yára gbà á tó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa rò pé nítorí ìdánwò nìkan ni a ṣe ń kọ́ irú ìṣírò bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí irú wọn gbọ́ ìtàn sódà.

Ìbátan kán-ún ni sódà. Kán-ún tí àwọn ìyá máa ń fi sí ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀, inú ilẹ̀ gbígbẹ ni a ti ń wà á, sódà ni ó sì pọ̀ jù nínú ohun tí ó wà lára rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ará Yúróòpù a máa sun ewéko etí òkun, wọn a sì rí sódà nínú eérú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn Yorùbá ti ń sẹ́ omi eérú láti fi ṣe ọṣẹ dúdú. Nígbà tí iṣẹ́ ọṣẹ, iṣẹ́ dígí àti iṣẹ́ aṣọ wá gbòòrò, eérú kò tó wọn lò mọ́. Ní ọdún 1791, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Nicolas Leblanc gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọ̀nà tí ó fi ń sọ iyọ̀ di sódà. Ọ̀nà náà dé Liverpool, ó sì tàn dé St Helens àti Widnes tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ní àkókò kan náà, epo pupa láti Èkó àti láti ẹnu odò Ọya ń gúnlẹ̀ sí èbúté Liverpool, àwọn aṣọṣẹ sì ń fi sódà se é. Àwọn tí ó ń ta epo náà létí òkun Áfíríkà kò mọ̀ pé àwọn igi kan ń kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ọṣẹ tí epo wọn yóò di.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ni ó mú wàhálà wá. Wọn a da ásíìdì imí-ọjọ́ sórí iyọ̀, wọn a sì fi iná sí i lábẹ́. Lójú kan náà gáàsì kan a bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ń pè ní hydrogen chloride. Gáàsì kíkan ni orúkọ tí ó bá a mu jù. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, nítorí náà kì í pẹ́ lókè kí ó tó sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá sì ti kan ìrì tàbí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ó di ìkùukùu ásíìdì. Ó ń jó ewé igi, ó ń ba ọ̀gbìn jẹ́, ó ń mú irin dípẹtà, ó sì ń ta ènìyàn lọ́fun títí yóò fi máa wúkọ́.

Ní ọdún 1823, James Muspratt, ọmọ ilẹ̀ Ireland, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Liverpool. Kò pẹ́ tí àwọn aládùúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, ní ọdún 1838 ìgbìmọ̀ ìlú náà sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Kí ni ìdáhùn àwọn oníṣẹ́ sódà? Wọ́n kọ́ òpó èéfín tí ó ga sí i. Ní Glasgow, ní ọdún 1842, ilé iṣẹ́ Charles Tennant ní St Rollox parí òpó kan tí ó ga ju 400 ẹsẹ̀ bàtà lọ, àwọn ènìyàn sì ń wò ó bí ohun ìyanu. Ohun ìyanu ni ó jẹ́ lóòótọ́ fún ẹni tí ó ń wo bíríkì. Ṣùgbọ́n òpó gíga kò dín ẹyọ gáàsì kan kù. Ohun tí ó ṣe kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó gbá pàǹtí kúrò ní ojúlé tirẹ̀, tí ó wá gbá a jọ sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà. Aládùúgbò tí ó wà nítòsí sinmi díẹ̀. Èyí tí ó wà lókèèrè, tí kò tilẹ̀ mọ ẹni tí ó ń ṣe sódà, ni ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ọkùnrin kan wà tí ó ronú ní ọ̀nà mìíràn. William Gossage ni orúkọ rẹ̀, ó sì ń ṣe sódà ní Stoke Prior ní àgbègbè Worcestershire. Ní ọdún 1836, ó mú ilé ọlọ afẹ́fẹ́ kan tí a ti pa tì, ó kó ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì jẹ́ kí omi máa ro wálẹ̀ láti orí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ó ti tú gáàsì kíkan sínú ilé gogoro náà. Bí gáàsì ti ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni omi ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì ń pàdé lára ẹ̀ka igi gbogbo. Nígbà tí gáàsì fi máa dé òkè, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wọ inú omi lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn fi èédú kóòkì, èyí tí ásíìdì kì í tètè jẹ, rọ́pò ẹ̀ka igi.

Ohun tí Gossage fi ojú inú rí ni àwọn ẹnjiníà ń fi ìṣírò wá lónìí kí wọ́n tó fi bíríkì kan lé èkejì. Ìṣírò náà kò ṣòro bí orúkọ rẹ̀ ti dẹ́rù bani. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí iná ń tú jáde. Iyọ̀ kìlógíráàmù 117, bí ó bá parapọ̀ mọ́ ásíìdì imí-ọjọ́ kìlógíráàmù 98, yóò tú gáàsì kíkan kìlógíráàmù 73 sílẹ̀. Nítorí náà, iyọ̀ kìlógíráàmù 1,000, èyí tí í ṣe tọ́ọ̀nù kan, yóò mú nǹkan bí kìlógíráàmù 624 gáàsì jáde. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró díẹ̀ lórí iye yìí. Ohun tí ó ju ìdajì ìwọ̀n iyọ̀ lọ ni ó ń gba òpó lọ sókè, tí wọ́n sì ń pè é ní èéfín lásán!

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan omi. Gáàsì kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwọ̀n tí omi lè gbà nínú rẹ̀. William Henry ti ìlú Manchester ni ó fi hàn ní ọdún 1803 pé bí a bá ti fi agbára tẹ gáàsì mọ́ omi tó, bẹ́ẹ̀ ni omi yóò ti gbà á tó: agbára ìlọ́po mẹ́ta, gáàsì ìlọ́po mẹ́ta. Ìgò mínírà ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Nígbà tí ìdérí ṣì wà lẹ́nu ìgò, gáàsì inú rẹ̀ dákẹ́. Bí a bá ṣí i, agbára tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ sílẹ̀, gáàsì náà sì ń hó jáde. Lítà omi kan, ní ọjọ́ tí ooru kò pọ̀, kò lè gbà ju gíráàmù méjì lọ nínú gáàsì mínírà yìí bí a kò bá fi agbára kún un. Ṣùgbọ́n omi àti gáàsì kíkan fẹ́ràn ara wọn púpọ̀. Bí wọ́n bá ti pàdé ni gáàsì náà ń pínyà sínú omi tí ó sì ń di ásíìdì, nítorí náà òfin Henry kò ká a mọ́. Àgbá omi kan lè gbé nǹkan bí 450 àgbá gáàsì kíkan mì, bí omi náà bá tutù. Bí ó bá tutù, ni a wí, nítorí pé bí gáàsì yìí ti ń wọlé ni omi ń gbóná, omi gbígbóná kì í sì í gba gáàsì mọ́ra bí omi tútù. Ẹni tí ó bá ti ṣí mínírà tí ó pẹ́ nínú oòrùn, tí ó sì rí bí ó ti tú sí òun lára, kò ní bèèrè ẹ̀rí lórí èyí.

Bí omi bá fẹ́ràn gáàsì tó báyìí, kí ni a tún ń fẹ́ ilé gogoro fún? Ṣé kò tó kí a da omi sínú agbada kí a sì jẹ́ kí gáàsì kọjá lórí rẹ̀? Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí pé iye tí omi lè gbà yàtọ̀ sí bí ó ti ń yára gbà á. Ọkùnrin kan lè jẹ odindi ìkòkò iyán tán, ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ̀ kò bá là ju àlàfo tí ọmọ ìka kan lè wọ̀ lọ, ilẹ̀ yóò ṣú kí ó tó jẹun yó. Ní ọdún 1923, W. G. Whitman, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé níbi tí gáàsì àti omi bá ti pàdé, a lè rò pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan ní ìhà gáàsì, èkejì ní ìhà omi, àti pé inú awọ méjèèjì yìí ni ìdènà wà. Ní ti gáàsì kíkan, ìhà gáàsì ni ìdènà ti pọ̀ jù. Bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, omi a gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní ti gáàsì mínírà, ìhà omi ni ìdènà wà. Ẹni tí kò bá mọ ìhà tí ilẹ̀kùn há sí yóò máa po omi títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi ro ó, nígbà tí ó jẹ́ pé gáàsì ni ó yẹ kí ó mú yára. Òtítọ́ ni pé àwòrán awọ méjì yìí kò pé; ní ọdún 1951, P. V. Danckwerts fi hàn pé ojú omi kì í dúró sójú kan, pé omi tuntun láti ìsàlẹ̀ ni ó ń rọ́pò rẹ̀ nígbà gbogbo. Síbẹ̀, àwòrán tí kò pé tí ó sì ń kọ́ ilé tí kò wó sàn ju àìní àwòrán rárá lọ.

Nígbà tí ẹnu ọ̀nà bá há, ohun tí ó yẹ ni kí a sọ ẹnu ọ̀nà di púpọ̀. Ìdí nìyí tí Gossage fi kó ẹ̀ka igi sínú ilé gogoro rẹ̀. Bí a bá mú òkúta kan tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó gùn ní mítà kan, tí ó sì ga ní mítà kan, ara rẹ̀ tí omi lè ṣàn lórí rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin mẹ́fà péré. Bí a bá gé òkúta kan náà sí wẹ́wẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ ní ìhà gbogbo, yóò di 1,000 ègé, ara wọn yóò sì di mítà onígun mẹ́rin 60. Bí a bá tún gé e sí sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, yóò di 600. Òkúta kò pọ̀ sí i, àyè kò fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ibi tí omi àti gáàsì ti lè pàdé di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́ o, gáàsì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò gbé omi náà dúró lókè, iṣẹ́ yóò sì bàjẹ́.)

Ọgbọ́n kan tún wà nínú pé omi ti òkè wá, gáàsì sì ti ìsàlẹ̀ wá. Obìnrin tí ó ń fọ aṣọ kì í fi omi tí ó ti dọ̀tí ṣan aṣọ kẹ́yìn. Omi tí ó mọ́ jù lọ ni ó ń pa mọ́ de ìgbà náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni gáàsì tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí ó kù díẹ̀ kí ó jáde, ń bá omi tí kò tíì gba nǹkan kan pàdé lókè, omi tí ó ti kún fún ásíìdì sì ń bá gáàsì tí ó lágbára jù pàdé nísàlẹ̀.

Wàyí o, kí a sọ pé mítà kọ̀ọ̀kan nínú gíga ilé gogoro kan ń gba ìdajì gáàsì tí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú 100 tí ó wọlé, 50 ni yóò kù lẹ́yìn mítà kìíní, 25 lẹ́yìn ìkejì, 12.5 lẹ́yìn ìkẹta, díẹ̀ lé ní 6 lẹ́yìn ìkẹrin, díẹ̀ lé ní 3 lẹ́yìn ìkarùn-ún. Bí a bá ń fẹ́ kí 95 wọ inú omi, mítà mẹ́rin àti díẹ̀ tó. Bí a bá ń fẹ́ 99 ńkọ́? Kò tó mítà méje. Mítà méjì àti díẹ̀ péré ni ó wà láàrin ìlú tí ó ń gba gáàsì márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún símú àti ìlú tí ó ń gba ẹyọ kan. Ìṣírò kan náà yìí kì í purọ́ fún ìhà kejì pẹ̀lú: bí ilé náà bá ga títí dé ojú ọ̀run, kì í di òfo. Ẹni tí ó bá ń sọ pé òun yóò gba gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan kò tíì ṣe ìṣírò. Ẹni tí ó sì ń sọ pé kò ṣeé dín kù mọ́, òun náà kò tíì ṣe é.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ilé gogoro Gossage, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sódà ni kò kọ́ irú rẹ̀, tàbí tí wọ́n kọ́ ọ ṣùgbọ́n tí wọn kì í lò ó dáradára. Àgbẹ̀ tí igi rẹ̀ bá kú lè lọ sí ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n bí òpó èéfín mẹ́wàá bá yí oko rẹ̀ ká, báwo ni yóò ti ṣe mọ èyí tí ó pa á? Adájọ́ a béèrè ẹ̀rí, ẹ̀rí a sì fò lọ pẹ̀lú atẹ́gùn. Ní ọdún 1862, Lord Derby mú kí ilé ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá ní Lọ́ńdọ̀nù yan àwọn tí yóò wádìí ọ̀rọ̀ náà, ní ọdún 1863 sì ni òfin jáde: ilé iṣẹ́ sódà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán 95 nínú 100 gáàsì kíkan rẹ̀ dúró. Wọ́n yan Robert Angus Smith, onímọ̀ kẹ́mísìrì láti Scotland tí ó ń gbé Manchester, láti jẹ́ olùbẹ̀wò àkọ́kọ́.

Iyì òfin yìí wà nínú pé nọ́ńbà ni ó lò. Kò sọ pé kí gáàsì má ṣe pọ̀ jù, nítorí pé ohun tí ó pọ̀ jù lójú àgbẹ̀ kò pọ̀ rárá lójú oníṣẹ́ sódà. Kò tún ní kí àgbẹ̀ mú ewé gbígbẹ wá sílé ẹjọ́. Olùbẹ̀wò ni yóò lọ sí ẹnu òpó, yóò wọn ohun tí ó ń jáde, yóò sì fi í wé iyọ̀ tí ó wọlé. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ti fi ìbínú jà lé lórí fún ogójì ọdún di ohun tí ènìyàn méjì lè jókòó ṣírò lórí tábìlì kan, kí wọ́n sì ní ìdáhùn kan náà. Àwọn oníṣẹ́ sódà ti kígbe tẹ́lẹ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ lè pa iṣẹ́ run, kí ebi sì pa àwọn òṣìṣẹ́. Kò yẹ kí a fi ìbẹ̀rù náà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ni ó ń jẹun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní kété tí òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Angus Smith rí i pé gáàsì tí wọ́n ń gbà dúró ju iye tí òfin béèrè lọ. Ilé gogoro lè ṣe é láti ìgbà yìí wá. Ẹni tí yóò wò ó ni kò sí.

Síbẹ̀ òfin náà ní àbùkù, ìṣírò ni ó sì tú u fó. Kí a mú ilé iṣẹ́ kan tí ó ń lo 100 tọ́ọ̀nù iyọ̀ lọ́sẹ̀. Gáàsì tí yóò tú jáde jẹ́ tọ́ọ̀nù 62 àti díẹ̀. Bí ó bá gba 95 nínú 100 dúró, ó ti pa òfin mọ́. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀nù mẹ́ta àti díẹ̀ ṣì ń jáde sórí ìlú lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ilé iṣẹ́ bá di ìlọ́po méjì, tọ́ọ̀nù mẹ́fà ni yóò di, kò sì sí ẹni tí ó rú òfin. Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kéré lẹ́nu nìkan ni. Nítorí èyí ni òfin mìíràn fi jáde ní ọdún 1874, èyí tí ó wo afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde fúnra rẹ̀: nínú mítà onígun mẹ́ta kan, gáàsì kíkan kò gbọdọ̀ tó ìdajì gíráàmù.

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n orí ilé gogoro nìkan ni gbogbo wọn ń wò. Kí ni ń ṣẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀ rẹ̀? Gáàsì tí omi gbé mì kò kú sínú omi. Nínú kìlógíráàmù 624 tí tọ́ọ̀nù iyọ̀ kan tú jáde, 593 wà nínú omi tí ó ń ṣàn jáde nísàlẹ̀, ó ti di ásíìdì pọ́nńbélé. Níbo ni wọ́n ń dà á sí? Sínú odò tí ó súnmọ́ wọn ni. Ẹja odò kú, ilẹ̀ etí odò sì bàjẹ́. Àwọn tí ó ṣe òfin ti ṣírò afẹ́fẹ́, wọ́n gbàgbé omi, bẹ́ẹ̀ ni ìyà tí ó kúrò lára àgbẹ̀ bá apẹja lálejò. Àṣìṣe òpó gíga ni èyí lẹ́ẹ̀kan sí i, àfi pé ìsàlẹ̀ ni ó dojú kọ báyìí. Ìṣírò tí ó tọ̀nà kì í dúró ní ibi tí ó wu ẹni tí ó ń ṣe é. Bí 624 bá wọlé, 624 ni ó gbọ́dọ̀ fi hàn bí ó ti jáde.

Àwọn tí ó wá ojútùú sí i ni àwọn tí ó wo ásíìdì náà bí ọjà. Ní ọdún 1866 Walter Weldon, ní ọdún 1868 Henry Deacon ti Widnes, ọ̀kọ̀ọ̀kan rí ọ̀nà tirẹ̀ láti fa gáàsì chlorine jáde láti inú rẹ̀, gáàsì tí a fi ń ṣe ìyẹ̀fun tí ó ń sọ aṣọ àti ìwé di funfun. Lójijì, ásíìdì tí wọ́n ń dà sódò di owó. Nígbà tí ó yá, ìyẹ̀fun yìí ni ó gbé àwọn tí ó ń fi ọ̀nà Leblanc ṣe sódà ró nígbà tí sódà fúnra rẹ̀ kò mú èrè wá mọ́. A kò lè sọ pé olùbẹ̀wò ni ó rí ọgbọ́n náà fún wọn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá ọjà fún ohun tí ó ti gba òpó lọ sínú àwọsánmà?

Ohun tí ó mú kí èrè sódà wọn tán ni ilé gogoro mìíràn. Ní ọdún 1861, Ernest Solvay ti ilẹ̀ Belgium bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tí ó fi ń tú gáàsì carbon dioxide, gáàsì inú mínírà, sínú omi iyọ̀ tí a ti fi ammonia sí. Nínú ilé gogoro Gossage, omi ń gba gáàsì kí ó má baà ṣe ibi. Nínú ti Solvay, bí omi ti ń gba gáàsì gan-an ni iṣẹ́ náà. Kò sí gáàsì kíkan níbẹ̀ rárá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀nà Leblanc kásẹ̀ nílẹ̀.

Gáàsì carbon dioxide yìí ni ayé ń bẹ̀rù jù lónìí, nítorí pé òun ni ó pọ̀ jù nínú àwọn gáàsì tí ó ń mú kí ayé gbóná sí i. Omi lásán kò fẹ́ràn rẹ̀ tó láti gbà á. A ní láti pa omi pọ̀ mọ́ ohun tí yóò máa so mọ́ gáàsì náà bí ó ti ń wọlé. Nínú ìwádìí rẹ̀ láàrin ọdún 1928 sí 1932, Shiroji Hatta ti ilẹ̀ Japan fi ìṣírò hàn bí ìsopọ̀ yìí ti ń mú gígba gáàsì yára. A lè fi í wé ẹnu ọ̀nà àká àgbàdo. Bí àwọn tí ó wà nínú bá ń lọ́ra láti gbé àpò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tí ó ń rù ú bọ̀ níta yóò tò sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń yára gbé e, ọ̀nà kì í dí. Bí wọ́n bá wá yára débi pé wọ́n ń gba àpò ní àárín ẹnu ọ̀nà, kí ẹlẹ́rù tó wọlé tán, nígbà náà ni ó dà bí ẹni pé wọ́n gé ọ̀nà náà kúrú. Nọ́ńbà tí a fi orúkọ Hatta pè ni ó ń sọ fún ẹnjiníà èwo nínú mẹ́ta yìí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi rẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá àgbá omi ńlá ni ó yẹ kí ó kọ́, tàbí ilé gogoro tí ó kún fún ojú ìpàdé.

Ní Sleipner, lórí òkun tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Norway, gáàsì ìdáná tí wọ́n ń wà níbẹ̀ ní carbon dioxide púpọ̀ nínú ju èyí tí ọjà lè gbà lọ. Wọ́n ń fi omi tí a pò mọ́ amine gbà á kúrò nínú ilé gogoro, wọn a sì gbé omi náà kaná kí gáàsì tí ó gbé mì lè jáde padà. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ayé Muspratt ni, afẹ́fẹ́ ni wọn ìbá tú u sí. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tì í wọ inú àpáta oníyanrìn tí ó kún fún omi iyọ̀, ní ibi tí ó jìn ju 800 mítà lọ lábẹ́ ilẹ̀ òkun, nǹkan bí mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan lọ́dún ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Láti ìgbà dé ìgbà, ọkọ̀ ojú omi a máa rìn kọjá lókè ibẹ̀, a máa rán ìró lọ sísàlẹ̀, a sì máa fetí sí bí ó ti ń padà bọ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí gáàsì náà dé.